ẸJẸ̀ Ẹ́ŃJÌN NI Ọ́ÌLÌ: ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ Ẹ PÀÀRỌ̀ RẸ̀, ÀTI IRÚ ÈYÍ TÓ YẸ KÍ Ẹ RÀ



Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìn la fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Láyé àtijọ́, ọkọ́ àti àdá ni àgbẹ̀ ń tọ́jú. Lóde òní, ẹ́ńjìn ti wọ inú iṣẹ́ wa: èyí tó ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tó ń lọ àgbàdo, pọ́ǹpù tó ń fa omi odò sí oko ẹ̀fọ́, alùpùpù àti píkọ́ọ̀pù tó ń kó ìrè oko lọ sọ́jà. Gbogbo wọn ló ń lo ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì wọn bá bàjẹ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti fà tu, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí dúdú. Bí ẹ́ńjìn bá nọ́ọ̀kì lọ́jọ́ tí ẹ fa ẹ̀gẹ́ ẹ̀kún píkọ́ọ̀pù kan, tí mẹkáníìkì ní òun gbọ́dọ̀ lọ wá kiráńkì nígboro, kó tó dé, ẹ̀gẹ́ ti di oúnjẹ ewúrẹ́. Owó àtúnṣe lọ, owó ẹ̀gẹ́ náà lọ. Ọ̀pọ̀ irú àdánù báyìí, ọ́ìlì tí kò ju lítà kan lọ ì bá ti dènà rẹ̀.

IṢẸ́ TÍ Ọ́ÌLÌ Ń ṢE

Irin ló ń fara gbo irin nínú ẹ́ńjìn. Ẹ́ńjìn kékeré tó ń fa omi lè yí ju ìgbà 3,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan péré. Ọ́ìlì ló ń là wọ́n láàárín kí wọ́n má baà jẹ ara wọn. Òun ló ń gbé ooru kúrò lára písítìnì, tó ń fọ èéfín àti ìdọ̀tí kúrò, tó ń dènà ìpẹtà, tó sì ń dí ààyè tó wà láàárín rìǹgì àti sílíńdà kí agbára ẹ́ńjìn má baà jò.

Ọ́ìlì kì í tán nìkan, ó máa ń gbó. Ooru ń sè é lójoojúmọ́. Eruku, èéfín, omi àti epo tí kò jóná tán ń wọnú rẹ̀. Àwọn èròjà tí iléeṣẹ́ pò mọ́ ọn sì ń tán díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí a bá ti ń bù ú kún, ó parí. Rárá o. Ẹni tó da ọbẹ̀ tuntun lé ọbẹ̀ tó ti kan, ọbẹ̀ kíkan náà ló máa jẹ.

ÌGBÀ WO LÓ YẸ KÍ Ẹ PÀÀRỌ̀ RẸ̀?

Ẹ má fi dúdú rẹ̀ nìkan ṣe ìwọ̀n. Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìn díísù lè dúdú láàárín wákàtí díẹ̀ tí ẹ rọ ọ́ sí i, kò sì tíì bàjẹ́. Ìdọ̀tí ló ń gbé. Iye wákàtí tí ẹ́ńjìn fi ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kà.

Ẹ́ńjìn kékeré tó ń lo pẹtiróòlù, irú ti pọ́ǹpù omi: bó bá jẹ́ tuntun, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí 20. Lẹ́yìn náà, wákàtí 100 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Bó bá ń ṣiṣẹ́ nínú eruku àti oòrùn gan-an, ẹ má dúró dé 100. Wákàtí 50 dára.

Ẹ́ńjìn díísù: ohun tí ìwé rẹ̀ sọ ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí ìwé bá ti sọnù, ẹ bi ẹni tó ń ta irú rẹ̀. Kí ẹ tó rí i bi, bí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì ní wákàtí 100, kò ní pa ẹ́ńjìn yín lára.

Píkọ́ọ̀pù àti mọ́tò: èyí tó ń gbẹ́rù lójú ọ̀nà oko, nínú kòtò àti eruku, ẹ má jẹ́ kó kọjá 5,000 kìlómítà, àní bí ìwé rẹ̀ bá tilẹ̀ sọ pé 10,000. Ojú ọ̀nà tó tẹ́jú ni ìwé náà ń rò.

Alùpùpù: ọ́ìlì inú rẹ̀ kò pọ̀, bíi lítà kan ni lára ọ̀pọ̀ wọn, ó sì ń tètè gbó. Bí ẹ bá ń fi gbẹ́rù, ẹ má jẹ́ kó kọjá 2,000 kìlómítà.

Ẹ̀yin tí ẹ́ńjìn yín kò ní aago tó ń ka wákàtí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ṣiṣẹ́. Bó bá ń ṣe wákàtí márùn-ún lójúmọ́, nígbà tí ìlà bá pé 20, wákàtí 100 ti pé nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀wé náà á lè kà á.

IRÚ Ọ́ÌLÌ WO NI KÍ Ẹ RÀ?

Nǹkan méjì ni kí ẹ wò lára ike ọ́ìlì.

Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tó tẹ̀lé SAE. Òun ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Bí nọ́ńbà bá ti ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ń ki sí i. SAE 40 jẹ́ oníye kan. 20W-50 jẹ́ oníye méjì: èyí tó wà níwájú W ń sọ bó ṣe ń ṣe nígbà tí ẹ́ńjìn bá tutù, èyí tó gbẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ń ṣe nígbà tó bá gbóná. Ẹ́ńjìn àtijọ́ púpọ̀ ń fẹ́ 40 tàbí 20W-50 nínú ooru tiwa. Ṣùgbọ́n kíki kọ́ ni dídára o. Ẹ́ńjìn tuntun tí ìwé rẹ̀ ní 10W-30 tàbí 5W-30, ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà nínú rẹ̀ tín-ín-rín. Bí ẹ bá rọ èyí tó ki jù sí i, kò ní tètè dé òkè.

Èkejì ni lẹ́tà tó tẹ̀lé API. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S jẹ́ ti pẹtiróòlù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C jẹ́ ti díísù. Bí lẹ́tà kejì bá ti jìnnà sí A tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì náà ṣe jẹ́ tuntun tó. SA kò yẹ fún ẹ́ńjìn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1930, nítorí náà, bí ẹ bá rí i lára ike, ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. SL bẹ̀rẹ̀ ní 2001, SN ní 2010, SP ní 2020. Bí ìwé ẹ́ńjìn yín bá ní SJ, ẹ lè lo SL tàbí SN. Ṣùgbọ́n ẹ má lo èyí tó kéré sí ohun tí ìwé bèèrè.

Alùpùpù tiẹ̀ yàtọ̀, nítorí inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára. Ọ́ìlì mọ́tò mìíràn lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀.

Ẹ̀rọ agégi àti ẹ̀rọ ìfinkòkòrò elẹ́ńjìn tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, púpọ̀ nínú wọn kò ní ibi tí ọ́ìlì ń dúró sí. Inú pẹtiróòlù gan-an la ti ń po ọ́ìlì tiwọn, èyí tí wọ́n kọ 2T sí lára. Bí ìwé bá sọ pé 1 sí 50, mìlílítà 100 ni fún pẹtiróòlù lítà márùn-ún. Bó bá sọ pé 1 sí 25, mìlílítà 200 ni. Ẹni tó bá rọ pẹtiróòlù lásán sí i ti pa á nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Àwọn kan ń sẹ́ ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ḿù, wọ́n á rọ ọ́ sínú ike tó lórúkọ. Ẹ wò ó bóyá èdìdì rẹ̀ ṣì wà, ẹ má ra ti inú àgbá tó ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá sì lo ọ́ìlì tán, ẹ fi ọ̀bẹ la ike náà kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lò mọ́.

BÍ Ẹ ṢE MÁA PÀÀRỌ̀ RẸ̀

1. Ẹ tan ẹ́ńjìn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kí ẹ sì pa á. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín, ó lè jó yín.
2. Ẹ gbé e sí ibi tó tẹ́jú. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ ṣí ìdérí òkè, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀.
3. Ẹ jẹ́ kó ro tán pátápátá. Bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Bó bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, tàbí tí ẹ rí irin wínníwínní tó ń dán nínú rẹ̀, ẹ pe mẹkáníìkì kí ẹ tó tún un tàn.
4. Bó bá ní fítà ọ́ìlì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun díẹ̀ pa rọ́bà ẹnu rẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi dè é.
5. Ẹ dá nọ́ọ̀tì padà pẹ̀lú wáṣà rẹ̀. Kó le, ṣùgbọ́n kó má bọ́ eyín.
6. Ẹ rọ tuntun sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo gééjì. Àárín ìlà méjèèjì ni kó wà. Àpọ̀jù kò dára: á máa hó, ẹ́ńjìn á sì máa yọ èéfín.
7. Ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ pa á, ẹ wò ó bóyá ó ń jò, kí ẹ tún gééjì wò. Lẹ́yìn náà, ẹ nu ìlà ògiri kúrò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

KÍ NI KÍ Ẹ ṢE SÍ Ọ́ÌLÌ KỌ̀ǸDẸ́ḾÙ?

Májèlé ni. Ẹ má dà á sí oko, ẹ má dà á sí etí odò tàbí kànga tí ẹ ń mu. Ẹ má fi pa ewúrẹ́ tó ní èkúru, ẹ má sì fi sójú egbò. Ẹ má fi dáná tí ẹ fi ń yan gààrí. Inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni kí ẹ rọ ọ́ sí, kí ẹ gbé e fún mẹkáníìkì tó ń kó o jọ fún àwọn tó ń rà á. Ibi tí ẹ bá sì ti ń rin ẹ̀gẹ́, ọ́ìlì kò gbọdọ̀ kán sínú rẹ̀: oúnjẹ ọmọ aráyé ni.

FÚN Ẹ̀YIN ẸGBẸ́ TÓ NÍ Ẹ́ŃJÌN ÀJỌNÍ

Ẹ́ńjìn tí gbogbo ẹgbẹ́ ní, olúkúlùkù ló ń rò pé ẹlòmíràn ti wo gééjì. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa wò ó láràárọ̀ kí wọ́n tó tàn án, kí ẹ sì yan ẹnì kejì fún ọjọ́ tí kò bá sí nílé. Nínú owó tí ẹ ń gbà lórí abọ́ ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọ́ìlì, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí ìlà bá pé ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá owó.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ẹ tó fa ẹ̀gẹ́ tó kàn, ẹ lọ fa gééjì yín yọ, kí ẹ wò ó. Bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ bi òṣìṣẹ́ ADP tó ń bẹ̀ yín wò.