Pọ́ǹpù omi oníná tàbí oníbẹ́líìtì: èwo ló yẹ ọkọ̀ tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ̀?

Ìròyìn pé BMW ń pe ọkọ̀ tó lé ní 720,000 padà ní Amẹ́ríkà, lóṣù Kẹjọ ọdún 2024, tún gbé ìbéèrè àtijọ́ kan dìde. Pọ́ǹpù omi oníná ló fà á: omi lè ráyè wọ ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn, kí iná sì sọ níbẹ̀. Ó rọrùn kí ẹni tó ń ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ ọkọ̀ kékeré gbọ́ èyí, kó sì pinnu pé oníbẹ́líìtì nìkan lòun máa lò títí ayé. Ìpinnu yẹn ti yá jù. Ìsopọ̀ wáyà ló ní àléébù nínú ọ̀rọ̀ BMW. Ohun tó ya pọ́ǹpù méjèèjì sọ́tọ̀ ni ẹni tó ń pàṣẹ fún wọn.

Ẹ́ńjìnnì ló ń pàṣẹ fún oníbẹ́líìtì. Bó bá sáré, pọ́ǹpù á sáré, bó bá rọra, pọ́ǹpù náà á rọra. Ṣùgbọ́n ooru kì í bá eré ẹ́ńjìnnì rìn. Ẹ wo ọkọ̀ tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọ̀jọ́ta lọ́sàn-án gangan, tí AC rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí bí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, atẹ́gùn kò fẹ́ sí rédíétọ̀, pọ́ǹpù sì ń ti omi díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ooru ń gorí ooru. Bí ọkọ̀ náà bá bọ́ sí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ìgbà 2,400, eré pọ́ǹpù ti di ìlọ́po mẹ́ta. Agbára tó ń gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì kò dúró síbẹ̀. Ẹ sọ mẹ́ta di ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ tún sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta: ìlọ́po 27 ni. Òfin kan náà ló de fáànù tí ẹ́ńjìnnì ń yí.

Ìdí nìyí tí BMW fi gbé pọ́ǹpù oníná sára ẹ́ńjìnnì N52 ní 2004, tí Toyota náà sì ṣe Prius ti 2009 láìsí bẹ́líìtì tó ń yí pọ́ǹpù rárá. Kọ̀ǹpútà ló ń wo ìgbóná omi, tó ń sọ ìgbà tí pọ́ǹpù máa yára. Láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, pọ́ǹpù lè sinmi kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru. Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì tó ní turbo, omi ṣì lè máa lọ kó máa tù ú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ohun oníná kì í ná ẹ́ńjìnnì ní nǹkan kan. Fáànù oníná tó ń fa ámípíà 25 ní fóltì 14 ń jẹ wáàtì 350. Bí ọkọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, alternator ló ń pèsè rẹ̀, bẹ́líìtì ló sì ń yí alternator. Bí nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún agbára bá ṣòfò kó tó dé fáànù, ẹ́ńjìnnì á pèsè bí wáàtì 580. Tí fáànù bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lálẹ́, tí iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, gbèsè yẹn lẹ ń rí. Èrè oníná ni pé ó lè sinmi nígbà tí kò sí iṣẹ́: lórí eré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà sábà máa ń tó rédíétọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kú náà yàtọ̀. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ pọ́ǹpù oníbẹ́líìtì. Bí síìlì inú rẹ̀ bá ti ń jẹ, omi á máa kán níbẹ̀, á gbẹ, á fi àbàwọ́n sílẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó á ti mọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìjàǹbá. Ní ti oníná, fúùsì kan péré lè jó, kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn tó ń ta pọ́ǹpù oníná máa ń ṣèlérí àfikún agbára ẹṣin. Lójú tèmi, fún ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, èrè yẹn kò tó ohun tó yẹ kí èèyàn torí rẹ̀ yọ pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Fáànù oníná ni kí wọ́n kọ́kọ́ náwó lé, torí inú gó-sìló gan-an ló ti wúlò, kí wọ́n fún un ní relay, fúùsì àti wáyà tó nípọn. Ibi tí pọ́ǹpù oníná ti yẹ ni ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ńlá kò fi àyè sílẹ̀ fún oníbẹ́líìtì, tàbí èyí tí turbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣekára.

Kí rẹwáyà tó so ohunkóhun, ẹ bi í pé: bí pọ́ǹpù yìí bá kú lójú márosẹ̀, kí ló máa kọ́kọ́ sọ fún mi? Bí kò bá ní iná ìkìlọ̀ kankan tó lè tọ́ka sí, ẹ fi oníbẹ́líìtì sílẹ̀ níbi tó wà.