Yahoo, Hotmail àbí Gmail: ímeèlì ọ̀fẹ́ wo ló ṣeé fọkàn tán?

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló dáa jù, Yahoo àbí Gmail?" Ìbéèrè tí ọmọkùnrin kan bi mí nìyí níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní Ògùnpa. Ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣewọlé. Ẹ̀rín pa mí, torí ká ní ogún ọdún sẹ́yìn ni, kò ní béèrè rárá. Yahoo náà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1996 ni Hotmail dé. Microsoft rà á lọ́dún 1997, ọdún yẹn náà ni Yahoo Mail bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n sì ṣeé ṣí lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí. Ìyẹn ló bá wa lára mu, torí ta ló ní kọ̀ǹpútà nílé nígbà yẹn? Kafé la máa ń lọ, a ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, a ó sì máa ṣọ́ aago.

Yahoo ló gbajúmọ̀ jù, àmọ́ ibẹ̀ náà ni orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àwọn oníjìbìtì ń fi kọ lẹ́tà sáwọn òyìnbó, la bá ń pè wọ́n ní Yahoo Boys. Ẹ̀bi ilé iṣẹ́ kọ́ nìyẹn o. Ohun tó dun àwọn oníbàárà gan-an ni pé lọ́dún 2017, Yahoo jẹ́wọ́ pé olè tó wọlé lọ́dún 2013 kan gbogbo àkáǹtì tí wọ́n ní, bílíọ̀nù 3.

Gmail jáde ní April 1, 2004. Ó ń fúnni ní 1GB, nígbà tí Hotmail ń fúnni ní 2MB, tí Yahoo ń fúnni ní 4MB. Àwọn kan rò pé àpárá April Fool ni! Nígbà tí fóònù Android wá kún ìgboro, Gmail di ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n òun náà ní àbùkù: títí di 2017 ló ń yẹ lẹ́tà èèyàn wò kó lè mọ ìpolówó tó máa gbé síwájú ẹni. 15GB tó ń fúnni lónìí, fọ́tò àti fáìlì yín ń jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá kún, lẹ́tà ò ní wọlé mọ́.

Hotmail ńkọ́? Ó ti di Outlook, àmọ́ àdírẹ́sì àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Èmi náà ti fara gbá a. Ímeèlì tí mo ṣí nígbà tí mo wà ní pólì, mi ò ṣí i fún ọdún mẹ́ta. Nọ́ńbà tí mo so mọ́ ọn ti di ti ẹlòmíràn. Fọ́tò bàbá mi wà níbẹ̀, mi ò rí i mọ́ títí dòní. Ẹ fiyè sí i: Google àti Microsoft lè pa àkáǹtì tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn fún ọdún méjì rẹ́. Ti Yahoo, ọdún kan péré ni.

Mo ní kí ọmọ náà lo Gmail tó ti wà lórí fóònù rẹ̀. Mo tún ní kó má jẹ́ kí oníkafé fi nọ́ńbà tara rẹ̀ ṣí i fún un, torí ẹni tó ni nọ́ńbà ló ni kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbaniwọlé bá dé, ta ni wọ́n máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí? Kó kọ páásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé, kí ìyá rẹ̀ bá a tọ́jú ẹ̀. Tó bá pààrọ̀ síìmù, kó tètè lọ yí nọ́ńbà inú ímeèlì náà padà.

Ẹ bá mi sọ fáwọn ọmọ yín náà.