Ikú Méjì Tí Ìyálóde Ẹfúnṣetán Kú

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè ní ọjà pé irú ikú wo ni ó pa Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé májèlé ni ó gbé jẹ. Wọn yóò ní ìwà ìkà rẹ̀ ni ó pọ̀ jù, pé ó ń bẹ́ àwọn ẹrú rẹ̀ lórí, pé Ààrẹ Látòósà kó ogun wọ ilé rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ẹrú, ni ojú bá tì í, ni ó bá pa ara rẹ̀. Bí ẹ bá tún béèrè pé ta ni ó sọ fún wọn, wọn yóò wò yín bí ẹni pé ẹ bèèrè ẹni tí ó sọ fún wọn pé òjò ń rọ̀. Ó wà nínú ìwé! A wò ó nínú fíìmù!

Òtítọ́ ni pé ó wà nínú ìwé. Ìwé eré ni ìwé náà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí a bí ní Ìbàdàn ní 1939, ni ó kọ ọ́ láàrin 1961 sí 1962 nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970. Ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e ka orí ìtàgé, Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá ni ó ṣe Ìyálóde, nígbà tí ó sì di 1981 ó di fíìmù. Láti ìgbà náà ni ohùn obìnrin òṣèré náà ti di ohùn Ẹfúnṣetán létí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, tí a kò sì mọ ibi tí eré parí sí, tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ohun tí eré náà wí. Ìyálóde kò ní ọmọ lọ́wọ́, ẹ̀dùn ọkàn yìí sì yí i padà. Ó pàṣẹ pé ẹrúkùnrin òun kankan kò gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún, ẹrúbìnrin òun kankan kò sì gbọdọ̀ lóyún. Ẹni tí ó bá rú òfin náà, ikú ni. Adétutù sì lóyún fún Ìtáwuyì, ẹrú bíi tirẹ̀. Ta ni nínú wa tí ó ka ibẹ̀ tí omi kò bọ́ lójú rẹ̀? Wọ́n bẹ Ìyálóde títí, kò gbọ́. Wọ́n pa Adétutù. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí ìlú dìde, tí Látòósà fi wọ inú eré bí ẹni tí ó wá gba àwọn tí a ń ni lára sílẹ̀, tí ó sì fi parí sí ibi májèlé tí mo wí.

Nísinsin yìí, ẹ gbọ́ èyí tí ó wà nínú ìtàn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ẹfúnṣetán níhà ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Ìbàdàn ni ó ti di ọlọ́rọ̀. Ìlú ogun ni Ìbàdàn nígbà náà, kì í ṣe ìlú tí à ń jogún oyè. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mú nǹkan ni oyè ń lọ bá. Òwò ni Ẹfúnṣetán fi gòkè. Àwọn olóyè a máa gba ìbọn àti ẹ̀tù láwìn lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ sójú ogun, òun fúnra rẹ̀ sì ní àwọn ọmọ ogun àti olórí tí ó ń kó wọn jáde. Ìyálóde ni olórí gbogbo obìnrin ìlú, òun ni ó ń bá wọn dá ẹjọ́, òun ni ó sì ń fi ẹnu wọn sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn olóyè bá ti ń gbìmọ̀ pọ̀. Ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè, tí ó sì tún lẹ́tọ̀ọ́ láti bá yín jiyàn ní ìgbìmọ̀, ẹ̀yin náà mọ bí ó ti máa ń rí lára.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, obìnrin ni. Ní 1860, ọmọ náà kú níbi tí ó ti ń rọbí. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọmọ yín jókòó ní òru ìrọbí, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín.

Ní 1874, Ààrẹ Látòósà ti ogun dé, ó sì ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀. Èkínní, kò bá òun lọ sógun. Èkejì, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun ní ibùdó. Ẹ̀kẹta, kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà. Kò sí ẹrú tí wọ́n bẹ́ lórí nínú rẹ̀. Kò sí oyún nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún náà, wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ẹlòmíràn jẹ Ìyálóde. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, ó san án. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sì wá àwọn tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀. Ààrẹ kò gbà.

Kúmúyìílọ ni orúkọ ẹni tí Ẹfúnṣetán fi ṣe ọmọ lẹ́yìn tí ti inú rẹ̀ ti kú. Òun ni wọ́n fi owó yí lọ́kàn padà. Ní òru ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà, ẹrú méjì gba orí àjà sọ̀kalẹ̀ sínú yàrá tí Ìyálóde sùn sí, wọ́n sì fọ́ ọ lórí. Bí ó ti kú nìyẹn, nínú ilé ara rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Kò fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá ránṣẹ́ wá béèrè ikú ọmọ wọn, tí ariwo sì pọ̀ ní ìlú, àwọn ẹrú méjèèjì ni wọ́n pa ní gbangba ọjà. Ẹ̀yin ẹ wo ẹni tí ìyà jẹ.

Ó yẹ kí ẹ bi mí léèrè báyìí pé, ìwọ náà ńkọ́, ta ni ó sọ fún ọ? Ìbéèrè tí ó dára ni. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ wa ní hádíìsì kì í jẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ kan láìmọ ẹni tí ó gbọ́ ọ àti ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, n kò sì rí ìdí tí a kò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá wa kan tí ó ti kú. Samuel Johnson ni ó kọ púpọ̀ nínú ohun tí mo sọ nípa ẹ̀sùn àti ikú náà. Tíṣà ni, ó di àlùfáà ìjọ àwọn Kìrìsìtẹ́nì lẹ́yìn náà, Ìbàdàn ni ó sì ń gbé ní ọdún tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901, ìwé náà kò sì jáde àfi ní 1921, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀ ti tún un kọ. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí tí ó wà nítòsí ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni, kò sì sí ní yàrá Ìyálóde ní òru ọjọ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, obìnrin tí ó mọ ìtàn Ìbàdàn dunjú, tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1992, ó sì rí i pé ìjà agbára ni ó wà láàrin Ààrẹ àti Ìyálóde. Èmi gbà á gbọ́. Ẹ rántí pé ní 1877, Látòósà yìí kan náà ni ó dojú kọ Ìyápọ̀ ọmọ Ìbíkúnlé, ikú ni ó sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin ni Ìyápọ̀, kò sí ẹni tí ó kọ eré pé ó ya ìkà.

Ẹ̀yin kan yóò sọ pé Mùsùlùmí ni Látòósà, kí ló dé tí a fi ń tú àṣírí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Muhammad ni orúkọ rẹ̀. A kò gbà pé kí a tìtorí rẹ̀ yí ẹjọ́ po.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju ìwé Ìṣọ̀lá sínú àjà nítorí ohun tí mo kọ yìí. Johnson sọ pé ẹrú tí Ẹfúnṣetán ní sí oko rẹ̀ nìkan tó 2,000, láìka àwọn tí ó wà nílé. Ẹgbẹ̀wá ènìyàn! Ìwé ìtàn kà wọ́n bí ẹni ka iṣu. Obìnrin mélòó ni ó wà nínú wọn, ta ni wọ́n fẹ́, ta ni ó gba ọmọ wọn lọ́wọ́ wọn, ẹkún wo ni wọ́n sun ní alẹ́? Láti inú ẹgbẹ̀wá náà ni òǹkọ̀wé eré ti fa obìnrin kan jáde, ó sọ ọ́ ní Adétutù, ó fún un ní olùfẹ́, ó fún un ní oyún, ó sì fún un ní ẹnu. Adétutù kò gbé ayé rí, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n dà bí rẹ̀ gbé ayé. Ohun tí eré lè ṣe nìyí tí ìwé ìtàn kò lè ṣe. Ìbí nìkan ni mo ti bá a jà, pé láti fún Adétutù ní ẹnu, ó gba ikú Ẹfúnṣetán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ikú mìíràn dípò. Ó sì fọ ọwọ́ Ààrẹ mọ́. Olówó ẹrú ni Ìyálóde, n kò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀, ọrọ̀ rẹ̀ kò mọ́. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ náà, olówó ẹrú ni wọ́n.

Nítorí náà, bí ọmọbìnrin yín bá ti ilé ìwé dé tí ó ń bú Ẹfúnṣetán, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́, ẹ má sì bá a bú u. Ẹ pè é jókòó ti ara yín ní ìdí ààrò. Ẹ ní kí ó sọ eré náà fún yín, kí ẹ̀yin náà sọ èyí fún un. Bí ó bá bi yín pé èwo ni kí òun kọ sílẹ̀ ní ìdánwò, ẹ sọ fún un pé kí ó kọ ohun tí ó wà nínú eré, nítorí eré ni wọ́n bi í. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí ìwé kíkọ, mo ní iṣẹ́ kan fún un. Láti ọjọ́ tí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ Ìyálóde títí di òru tí àwọn ẹrú náà gba àjà wọlé, ọgọ́ta ọjọ́ ni. Ta ni ó ń se oúnjẹ rẹ̀ ní ọgọ́ta ọjọ́ náà? Àwọn obìnrin ọjà tí ó ti ń bá dá ẹjọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ta ni nínú wọn ni ó ṣì ń wá kí i? Nígbà tí Kúmúyìílọ bá wọlé ní àárọ̀ tí ó kí i pé ẹ káàárọ̀ mà, ojú wo ni ó fi ń wò ó? Bí èmi bá mọ eré kọ ni, ibẹ̀ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.