Olùkọ́ kì í bá ọmọ wọ ọkọ̀

Ní ọjọ́ 12 oṣù Ògún, ọdún 2008, Benjamin Boukpeti gba ipò kẹta nínú eré ọkọ̀ àjẹ̀ ní Ìdíje Òlíńpíìkì, ní Beijing, ilẹ̀ Ṣáínà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì fún Tógò. Ilẹ̀ Faransé ni a bí i sí. Ọmọ Tógò ni bàbá rẹ̀.

Orí omi tó ń ru gùdù ni wọ́n ti ń ṣe eré yìí. A so ọ̀pá méjì-méjì rọ̀ lókè omi. Àárín wọn ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Bí ó bá fara kan ọ̀pá, a ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 kún àkókò rẹ̀. Bí ó bá fo ẹnu-ọ̀nà kan, 50 ni.

Awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ dán ọ̀nà náà wò. Nítorí náà, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ a máa rin etí omi, wọn a wo ọ̀pá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀dọ́ yóò fi mọ ọ̀nà náà lórí. Ọ̀dọ́ fẹ́ràn eré sísá. Olùkọ́ a kọ́ ọ ní sùúrù. Bí ọkọ̀ bá ti wọ omi, ẹ̀kọ́ tí ọmọ gbé lọ nìkan ni yóò mú un gúnlẹ̀.