Bí A Ṣe Lè Fi Géèmù Kọ́ Ọ̀rọ̀ Faransé

 

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló bá Nàìjíríà pààlà lórí ilẹ̀: Benin, Niger, Chad àti Cameroon. Kò sí èyí tí wọn kì í ti í sọ Faransé nínú wọn. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí náà ló ni Ìdìrókò. Ẹni tó bá kọjá bodè níbẹ̀, Faransé ni yóò bá lára pátákó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá bíi tiwa ló wà ní Kétu àti Sákẹ́tẹ́. Síbẹ̀, tí a bá ti ṣe JSS 3 tán, ọ̀pọ̀ wa ló ń sá fún Faransé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dúró lórí. Géèmù lè mú un dúró, àmọ́ kì í ṣe géèmù kan ṣáá o. Ó ní bí ẹ ó ṣe tò ó.

Èkíní, ẹ mú nǹkan ọjà: iṣu, tòmátì, ẹja, àlùbọ́sà. Àwòrán wọn ni kí ẹ fi sójú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì wọn. Ẹni tó bá ń ti Yorùbá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì kó tó dé Faransé, yóò ti rẹ̀ ẹ́ lọ́nà.

Èkejì, akọ àti abo. Àwa máa ń sọ pé “ó lọ”, ì báà jẹ́ bàbá, ìyá tàbí ewúrẹ́. Ní Faransé, akọ ni ẹja, “un poisson”. Abo ni tòmátì, “une tomate”. Ẹ má kọ iṣu ní “l'igname”, torí “l'” yẹn bo akọ àti abo mọ́lẹ̀. “Une igname” ni kí ẹ kọ. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ méjì kalẹ̀, búlúù fún akọ, pupa fún abo, kí ẹni tó ń ṣeré wọ́ àwòrán sínú èyí tó yẹ.

Ẹ̀kẹta, ohùn. Kí olùkọ́ Faransé bá wa gbohùn sílẹ̀, kí kọ̀ǹpútà máa pe ọ̀rọ̀ náà. Àǹfààní kan wà fún wa níbí: Yorùbá ní ìró imú. “On” inú “bon” fẹ́ jọ “ọn” tiwa.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù: ọ̀rọ̀ tí a bá kùnà gbọ́dọ̀ padà wá. Sebastian Leitner ṣàlàyé ọ̀nà yìí nínú ìwé tó ṣe ní 1972. Ọ̀rọ̀ tí o bá gbà yóò bọ́ sí àpótí kejì, yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó tún jáde. Èyí tí o bá kùnà, àpótí kìíní ló ń padà sí, ọ̀la ni wàá tún bá a. O ò ní máa fi àsìkò ṣòfò lórí ohun tí o ti mọ̀.

Scratch ni ẹ lè fi ṣe é. MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2007, ọ̀fẹ́ ni. Tí wọ́n bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Bíi ẹni ń to búlọ́ọ̀kù ni: bí àwòrán bá kan apẹ̀rẹ̀ tó yẹ, fi máàkì kan kún un, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, dá a padà sí àpótí kìíní.

Tí iná bá lọ ńkọ́? Ẹ gé páálí, ẹ ya àwòrán sí i, ẹ fi páálí bàtà ṣe àpótí. Géèmù kan náà ni.

Ẹ̀yin ọmọ JSS, ẹ má tíì ju ìwé Faransé nù o. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré bẹ̀rẹ̀. Ọjà ńlá wà lódìkejì bodè. Ẹni tó bá gbọ́ èdè wọn ni yóò ná an dáadáa.