Ohùn Tó Há Ju Ọ̀sẹ̀ 3 Lọ

Bí ohùn yín bá há ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ẹ má kàn máa lá oyin. Ẹ lọ rí dókítà. Ó lè má jẹ́ nǹkan bàbàrà, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ gògóńgò.

Inú gògóńgò ni tán-án-ná wà, òun ló ń gbọ̀n tá a bá ń sọ̀rọ̀. Kókó kékeré níbẹ̀ ti tó láti yí ohùn padà, ìyẹn ni wọ́n ṣe lè tètè rí i.

Tí kò bá tíì kúrò lórí tán-án-ná, ìtànṣán X-ray alágbára nìkan lè pa á, láìsí iṣẹ́ abẹ: Mọ́ńdè dé Fúráìdè, fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ọ̀fun á máa dunni, ohùn á tún há sí i, àmọ́ ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò. Nínú èèyàn 10, ó tó bíi 9 tí kókó náà kì í padà wá bá.

Sìgá ńkọ́? Ẹ jù ú nù. Ó ń ba ìtọ́jú jẹ́.