Kámẹ́rà Kékeré Tó Láti Fi Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Itele! Ẹ̀yáwó tí ẹ̀ ń béèrè láti fi ra kámẹ́rà olówó gọbọi fún ọmọ tí kò tíì mọ fọ́tò yà ti ń pọ̀ jù. A ò ní kí ọmọ má kọ́ṣẹ́ o.

Ẹ wo Bàbá J. D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Ẹdó ní 1930. Ní 1950, Brownie D ni wọ́n rà, kámẹ́rà kékeré tí kò ní iná. Ẹnìkan ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọ́n wá ń kọ lẹ́tà ṣáá sí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba n'Íbàdàn, títí ìjọba fi gbà wọ́n síṣẹ́ ní 1954. Iṣẹ́ wo? Inú yàrá òkùnkùn ni, níbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò! Ó di 1968 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin wa, àtẹ̀yìn orí ni wọ́n sì sábà máa ń yà á. Irun yẹn ló gbé orúkọ wọn dé òkè òkun kí wọ́n tó kú ní 2014.

Àlòkù tó. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ìmọ́lẹ̀: oòrùn ọ̀sán gangan a máa mú kí ojú ṣókùnkùn, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ dára jù ú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀yáwó, kó mú fọ́tò mẹ́wàá tí ọmọ fúnra rẹ̀ yà wá fún ìgbìmọ̀.